Ẹni Tó Bá Pupa Kò Lè Fẹ́ Oyinkán

Ọ̀sán Sátidé kan ni, ní Bramalea ní Kánádà, nígbà tí òtútù ti ń múra àtidé. Ìyá Oyinkán, nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ sórí tábìlì kíṣìnì, ó sì pe Lékè gòkè wá. Lékè ni ọmọkùnrin tó háyà bésímẹ́ǹtì ilé rẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí ló ń bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n “data analyst” ló ń pe ara rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ohun tí ìyá yìí kò mọ̀ ni pé Lékè àti Oyinkán, ọmọ òun, ti ń fẹ́ra láti ìgbà yìnyín tó kọjá, àti pé láàárọ̀ ọjọ́ yìí gan-an ni Oyinkán sọ fún Lékè pé tí kò bá lè la ẹnu bá ìyá òun sọ̀rọ̀, kó máa bá bésímẹ́ǹtì rẹ̀ lọ.

ÌYÁ OYINKÁN: Lékè, ṣebí ìwọ lò ń pariwo pé o mọ Excel?

LÉKÈ: Mọ́mì, ẹ má sọ pé mo mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ pé òun ló mọ̀ mí.

ÌYÁ OYINKÁN: Ó dáa. Ọkọ ni mò ń wá fún Oyinkán.

Lékè jókòó. Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó.

LÉKÈ: Ọkọ, ma?

ÌYÁ OYINKÁN: Ọkùnrin mẹ́ta ni mo kọ síbí yìí. Adébánjọ, ẹnjiníà tó ń gbé Meadowvale. Ṣẹ́gunfúnmi, ọmọ alàgbà wa. Àti Tìmílẹ́yìn tó ń bá èèyàn ta ilé. Ọ̀kan nínú wọn ló máa wá jẹun níbí lọ́la lẹ́yìn ìsìn. Oyinkán náà ń bọ̀.

LÉKÈ: Ṣé Oyinkán mọ̀ sí i?

ÌYÁ OYINKÁN: Ṣé mo máa ń bi aláìsàn bóyá abẹ́rẹ́ wù ú ni? Gbọ́. Níbi iṣẹ́ wa, tí ẹ̀jẹ̀ ríru arúgbó kan bá ti lọ sókè, ojú ibẹ̀ á dédé pupa lórí kọ̀ǹpútà. Tó bá dára, á di àwọ̀ ewé. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Kí ẹ̀rọ yẹ àwọn ọkùnrin yìí wò fún mi, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ṣe ojúsàájú.

LÉKÈ: Conditional formatting ló ń jẹ́, ma. Ẹ máa fún un ní kọ́ńdíṣọ̀n, òun á sì máa kun nǹkan ní àwọ̀ tó bá kọ́ńdíṣọ̀n yẹn mu.

ÌYÁ OYINKÁN: Kọ́ńdíṣọ̀n mi ò le. Kó má tíì pé ogójì ọdún. Kó ní PR, ìwé àṣẹ ìgbélùú. Kó sì ti pààrọ̀ táyà ọkọ̀ rẹ̀ sí ti yìnyín.

LÉKÈ: Táyà kẹ̀, ma?

ÌYÁ OYINKÁN: Ọkùnrin tí kò bá pààrọ̀ táyà kí yìnyín tó dé, kò ní pààrọ̀ náápì kí ó tó kún.

Lékè wo ojú fèrèsé. Bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Kò ní táyà kankan, ti ẹ̀ẹ̀rùn tàbí ti yìnyín.

LÉKÈ: Ó dáa, ma. Ohun àkọ́kọ́ ni pé a máa mú range.

ÌYÁ OYINKÁN: Range! Ta ló ní Range? Adébánjọ?

LÉKÈ: Rárá o, ma! Kò sí Range níbí! Kò sí mọ́tò níbí rárá! Gbogbo ibi tí a fẹ́ kí àwọ̀ yẹn hàn, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ni à ń pè bẹ́ẹ̀.

ÌYÁ OYINKÁN: Ìwọ náà ò jẹ́ kí inú èèyàn dùn díẹ̀.

LÉKÈ: Ẹ di mouse mú, ma. Ẹ wọ́ ọ láti sẹ́ẹ̀lì Adébánjọ títí dé sẹ́ẹ̀lì Tìmílẹ́yìn.

Ìyá Oyinkán ju mouse sílẹ̀ bí ẹni tó di ẹyin iná mú.

ÌYÁ OYINKÁN: Sẹ́ẹ̀lì? Wọ́n ti ti àwọn méjèèjì mọ́lé rí?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ jẹ́ ti Range, ẹnu Lékè yá bí ìbọn. Nísinsìnyí ó kọ́kọ́ fọwọ́ ra irùngbọ̀n.

LÉKÈ: Ma... ká sòótọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà ní sẹ́ẹ̀lì.

ÌYÁ OYINKÁN: Ọmọ alàgbà náà?

LÉKÈ: Òun ló wà láàárín, ma.

ÌYÁ OYINKÁN: Yéè! Tí alàgbà ń gbàdúrà fún wa ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi!

LÉKÈ: Ṣùgbọ́n tí a bá kọ orúkọ tiyín náà síbẹ̀, inú sẹ́ẹ̀lì lẹ máa wà. Àpótí kéékèèké yìí ló ń jẹ́ sẹ́ẹ̀lì.

ÌYÁ OYINKÁN: Kí ló dé tí o ò tètè sọ ọ́? Àyà mi ti já dé ẹsẹ̀!

LÉKÈ: Ẹ má bínú. Yorùbá pọ́ńbélé ni mo máa fi sọ ìyókù kó lè yé yín dáadáa. Ìṣòro kan wà o. Òpó kejì Tìmílẹ́yìn ṣófo.

ÌYÁ OYINKÁN: Opó? Tìmílẹ́yìn ti fẹ́yàwó rí?

LÉKÈ: Mo ní òpó kejì, ma.

ÌYÁ OYINKÁN: Ẹ̀ẹ̀kejì tó máa di opó nìyí?

LÉKÈ: Rárá, ma, òpó! Òpó bí òpó iná!

ÌYÁ OYINKÁN: Iná ló pa wọ́n! Àwọn méjèèjì! Jésù, gbà wá o! Kí ló ń sè nínú ilé yẹn?

Lékè fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó. Ó ronú díẹ̀ bóyá kó kúkú jẹ́ kí àwọn ìyàwó náà kú. Ẹ̀rí ọkàn kò gbà.

LÉKÈ: Kò sẹ́ni tó kú, ma. Ohun tó dúró ṣánṣán láti òkè wá sísàlẹ̀ yìí ni mo pè ní òpó. Ibi tó yẹ kí ọjọ́ orí rẹ̀ wà ni ẹ fi sílẹ̀ lófìfo.

ÌYÁ OYINKÁN: Mo bi í léèrè. Ó ní ọjọ́ orí kì í ṣe nǹkan kan, pé ẹ̀mí ni kí n wò.

LÉKÈ: Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n kọ òfin ti ọjọ́ orí fún ẹ̀rọ. Ẹni tí kò bá tó ogójì, kó kun gbogbo ìlà rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ẹ wò ó báyìí. Ẹ máa wo ọwọ́ mi.

Ó na ìka rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tẹ dùùrù. Ó tẹ ohun tó fẹ́ tẹ̀. Àwọ̀ ewé fọ́n káàkiri ojú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún.

ÌYÁ OYINKÁN: Kí nìyí? Ó dà bí ògiri jẹ́léósinmi.

LÉKÈ: Hẹn. Mo... ẹ dúró ná, ma. Mo gbàgbé dọ́là ni.

ÌYÁ OYINKÁN: Ṣé o rí i! Ní Kánádà yìí, kọ̀ǹpútà pàápàá ò ní ṣe nǹkan kan fúnni láìgba dọ́là.

LÉKÈ: Kò gba owó, ma. Àmì dọ́là lásán ni. A máa fi ṣáájú òpó nínú òfin yẹn ni. Òun ló máa dì í mú, kó má lè kúrò níbi tó wà.

ÌYÁ OYINKÁN: Dọ́là náà ló di èmi náà mú. Ọdún méjì péré ni mo ní mo máa lò níbí kí n tó padà sílé. Wò mí, Oyinkán ti tó lọ́kọ.

Ó sọ èyí láìrẹ́rìn-ín. Lékè fi dọ́là sínú òfin rẹ̀. Ẹ̀rọ tún àwọ̀ rẹ̀ tò. Ìlà Adébánjọ di àwọ̀ ewé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ti Ṣẹ́gunfúnmi náà di àwọ̀ ewé. Ti Tìmílẹ́yìn pẹ̀lú.

ÌYÁ OYINKÁN: Dúró. Ẹni tó fi ọjọ́ orí pamọ́ ni ẹ̀rọ tún ń yìn?

LÉKÈ: Ibẹ̀ ṣófo, ma. Kọ̀ǹpútà gbà pé òdo ni. Òdo kò sì tó ogójì.

ÌYÁ OYINKÁN: Ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà rò pé wọn ò tíì bí Tìmílẹ́yìn.

LÉKÈ: Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, ma.

ÌYÁ OYINKÁN: Èmi tí mo jókòó tì í níbi ìkómọjáde ọmọ ẹlòmíì! Gbé kọ̀ǹpútà wá.

Ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ nǹkan sínú àlàfo náà. Àwọ̀ ewé Tìmílẹ́yìn parẹ́ lójú ẹsẹ̀.

LÉKÈ: Kí lẹ kọ síbẹ̀, ma?

ÌYÁ OYINKÁN: Mo kọ iye ọdún tí irùngbọ̀n rẹ̀ fi hàn. Máa bá iṣẹ́ lọ.

Lékè fi òfin ti PR àti ti táyà kún un, inú rẹ̀ sì ti ń dùn bọ̀. Ó ní ẹni tí nǹkan kan bá ti wọ́ lára rẹ̀, pupa ni gbogbo ìlà rẹ̀ máa jẹ́. Tìmílẹ́yìn pupa. Ẹlòmíì tún tẹ̀ lé e.

LÉKÈ: Ẹ wò ó, ma. Ṣẹ́gunfúnmi ti pupa.

ÌYÁ OYINKÁN: Ó ti kí ni? Ṣẹ́gunfúnmi tó dúdú bíi kóró iṣin?

LÉKÈ: Ó pupa gan-an, ma.

ÌYÁ OYINKÁN: Ó ti ń bóra! Ọmọkùnrin! Láti ìgbà wo?

LÉKÈ: Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pupa báyìí ni.

ÌYÁ OYINKÁN: Ní Kánádà tí a ti ń wá oòrùn kiri bí ẹni sọ kọ́kọ́rọ́ nù, òun wá ń bó ìwọ̀nba dúdú tó gbé wá láti ilé!

LÉKÈ: Ìlà rẹ̀ ni mò ń sọ, ma.

ÌYÁ OYINKÁN: Ó tún kọlà?

LÉKÈ: Mọ́mì! Nínú kọ̀ǹpútà! Ojú rẹ̀ wà bó ṣe wà. Táyà ẹ̀ẹ̀rùn ló ṣì ń lò, òun ni ẹ̀rọ fi kùn ún ní pupa.

ÌYÁ OYINKÁN: Táyà ẹ̀ẹ̀rùn títí di ìsinsìnyí? Kó tilẹ̀ bóra ì bá sàn. Yọ ọ́ kúrò. Ó ku Adébánjọ.

Lékè tún ìlà náà wò. Adébánjọ ni kò sí àbùkù lára rẹ̀.

LÉKÈ: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ fọ́màtì Adébánjọ wò.

Ìyá Oyinkán dìde dúró.

ÌYÁ OYINKÁN: Fọ́màtì. Adébánjọ náà ní fọ́màtì.

LÉKÈ: Gbogbo wọn ló ní in, ma, ṣùgbọ́n tirẹ̀...

ÌYÁ OYINKÁN: Fọ́màtì tí àwọn ọmọ Yahoo fi ń purọ́ ìfẹ́ fún ìyá aláwọ̀ funfun orí íńtánẹ́ẹ̀tì! Abájọ! Abájọ tó fi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nímú! Ẹnjiníà kí ni? Ẹnjiníà jìbìtì!

LÉKÈ: Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, ma.

ÌYÁ OYINKÁN: O ò ní láti sọ ọ́. Ọmọ dáadáa ni ẹ́, o ò fẹ́ ba èèyàn jẹ́. Fóònù mi dà? Màá pe ìyá rẹ̀. Ilé ìwé nọ́ọ̀sì kan náà la jọ lọ ní Ìbàdàn. Kó ti ẹnu mi gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe kó tó ti ẹnu ọlọ́pàá gbọ́.

Ó ti ń wá nọ́ńbà náà. Tìmílẹ́yìn ti lọ, Ṣẹ́gunfúnmi ti lọ, Adébánjọ náà ti fẹ́ lọ. Ohun kan ṣoṣo tó kù kí Lékè ṣe ni kó pa ẹnu mọ́. Ó pa á mọ́. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí dún lọ́hùn-ún. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó tún dún.

LÉKÈ: Mọ́mì, ẹ pa á! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fóònù yẹn!

ÌYÁ OYINKÁN: Kí ló ṣẹlẹ̀?

LÉKÈ: Ọmọlúàbí ni Adébánjọ. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ kò jọ jẹ, a kò jọ mu, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ Yahoo. Fọ́màtì tí mò ń wí, bí nǹkan ṣe múra ni. Àwọ̀ rẹ̀, bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe tóbi tó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ látẹ̀ẹ̀kan.

Ìyá Oyinkán pa fóònù náà. Ó jókòó, ó gbá àyà mú.

ÌYÁ OYINKÁN: O fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi ba ọmọ ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ jẹ́. Ó yá, parí iṣẹ́ rẹ.

Lékè tẹ ohun tó kù. Ìlà Adébánjọ dúró gbagidi ní àwọ̀ ewé, kò yẹ̀.

ÌYÁ OYINKÁN: Wò ó! Bí ọgbà ẹ̀fọ́! Ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n pe Adébánjọ gan-an, kí n ní kó má dáná sílé lọ́la, níbí ló ti máa jẹun. Lékè, bá mi yọ̀. A ti rí ọkọ fún àbúrò ẹ.

LÉKÈ: Àbúrò mi kọ́, ma.

ÌYÁ OYINKÁN: Kí lo wí?

LÉKÈ: Mo ní... ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó pè é, ẹ jẹ́ kí n kọ orúkọ tèmi náà síbẹ̀.

ÌYÁ OYINKÁN: Kí n fi wò bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa? Ọgbọ́n nìyẹn. Kọ ọ́.

Lékè kọ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò burú. Níbi PR, ó kọ pé kò tíì sí. Níbi táyà, ó kọ pé kò sí mọ́tò. Ìlà rẹ̀ pupa fòò.

ÌYÁ OYINKÁN: Há! Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ó mà ṣe o. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó dùn ọ́, kò kúkú kàn ọ́.

LÉKÈ: Ó kàn mí, ma.

Fíríìjì ń kùn lẹ́yìn wọn. Ìyá Oyinkán rọra gbé fóònù kalẹ̀.

ÌYÁ OYINKÁN: Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?

LÉKÈ: Oyinkán, ma.

ÌYÁ OYINKÁN: Oyinkán wo?

LÉKÈ: Oyinkán tiwa.

ÌYÁ OYINKÁN: “Tiwa”! Ó ti di “tiwa”! Níbo lẹ ti ń pàdé? Nínú bésímẹ́ǹtì mi?

LÉKÈ: Ká má rí i, ma! Ní láíbùrárì ni.

ÌYÁ OYINKÁN: Oyinkán tó ń sọ fún mi pé ìwé lòun ń kà níbẹ̀?

LÉKÈ: Ó ń kà á, ma. Èmi ni mò ń ṣí i fún un.

ÌYÁ OYINKÁN: O jókòó sórí àga mi, o ń mu Mílò mi, o wá ń bá mi fi pupa kun ọmọ ọlọ́mọ lọ́kọ̀ọ̀kan!

LÉKÈ: Ẹ̀yin lẹ ní kí ẹ̀rọ yàn, ma.

ÌYÁ OYINKÁN: Ẹ̀rọ ti yàn. Wo ara ẹ níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò pupa tó bẹ́ẹ̀.

Lékè fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ohùn ìgbéraga rẹ̀ sì ti kúrò.

LÉKÈ: Òfin kan wà, ma, tí wọ́n máa ń gbé lékè gbogbo òfin yòókù. Tí ohun tó ń wí bá ti jẹ́ òótọ́, ẹ̀rọ á dúró síbẹ̀. Kò ní ka ìyókù mọ́.

ÌYÁ OYINKÁN: Kí lo fẹ́ kọ sínú òfin yẹn?

LÉKÈ: Bóyá Oyinkán fẹ́ ẹ.

Ó la òpó tuntun. Ó kọ “bẹ́ẹ̀ ni” sí iwájú orúkọ ara rẹ̀. Gbogbo pupa tó wà lórí ìlà náà di àwọ̀ ewé. Ìyá Oyinkán tẹjú mọ́ ọn. Ó wá na ìka rẹ̀, ó kọ “bẹ́ẹ̀ ni” sí iwájú Tìmílẹ́yìn. Tìmílẹ́yìn náà di àwọ̀ ewé, àti irùngbọ̀n rẹ̀.

ÌYÁ OYINKÁN: Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́. Ẹ̀rọ yìí ò mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́.

LÉKÈ: Kò mọ̀ ọ́n, ma. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ìyá Oyinkán mú fóònù, ó tẹ nọ́ńbà, ó kọ ẹ̀yìn sí Lékè.

ÌYÁ OYINKÁN: Oyinkán. Ara mi le. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi ọ́, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo fẹ́. Lékè. Lékè wa yìí. Lékè ti ìsàlẹ̀! Hẹn. Hẹn-ẹn. Ó dáa, ó ti tó, ìyá ẹ ni mo jẹ́, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ. Mo ti gbọ́.

Ó yí padà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀ kan, kíákíá, bí ẹni tí kòkòrò kó sí i lójú.

LÉKÈ: Kí ló sọ, ma?

ÌYÁ OYINKÁN: Ó ní kí n bi ọ́ pé ṣé Ìbàdàn ni o ti rìn wá sí kíṣìnì mi tó fi pẹ́ tó báyìí.

Ó pa “bẹ́ẹ̀ ni” Tìmílẹ́yìn rẹ́. Ó fi ti Lékè sílẹ̀.

ÌYÁ OYINKÁN: PR ńkọ́?

LÉKÈ: Mo ti fi ìwé ránṣẹ́, ma. Èsì ni mò ń retí.

ÌYÁ OYINKÁN: Táyà?

LÉKÈ: Tí mo bá ti ra mọ́tò tí mo máa fi í sí, ma.

ÌYÁ OYINKÁN: Wá jẹun lọ́la. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni kó o gbà wọlé. Má gba àtẹ̀gùn bésímẹ́ǹtì gòkè wá bá mi bí ẹni wá yá iyọ̀.

Lékè dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín tábìlì àti fíríìjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sítóòfù.

LÉKÈ: Ẹ ṣé, ma! Olúwa á dá yín sí fún wa! Ṣé kí n pa kọ̀ǹpútà báyìí, ma?

ÌYÁ OYINKÁN: Pa á kẹ̀? Dìde, ṣí ojú ewé tuntun, ó kan àwọn àna. Ìyá ẹ ńkọ́, kí lorúkọ wọn?